Ọ̀já Ẹlẹ́yẹ Inú Kòtò

Ẹsẹ̀ Damaris tún ti ń gbọ̀n. Àǹtí Aracely kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó kàn na ọwọ́, ó gbé e lé orúnkún ọmọbìnrin náà, bí ẹni fi ọwọ́ di ìdérí ìkòkò tó ń hó mú. Ẹsẹ̀ náà dúró. Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Orí àpótí onígi ni wọ́n jókòó sí létí kòtò, lábẹ́ tapólì búlúù tí afẹ́fẹ́ orí òkè ń gbé sókè tó ń jù sílẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú kòtò, búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n fi ń gbá erùpẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó sùn. Wọn kì í kánjú. Ohun tí Damaris kò lè fara dà nìyẹn.

Olú-ìlú ni òun àti Byron ti wá. Àwọn méjèèjì ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì, nínú ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá àti ìgbaninímọ̀ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba oyè náà láìjẹ́ pé ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n fi ìyà jẹ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n rán àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n rán àwọn mìíràn lọ sí ilé àwọn aṣíkiri. Vichoch, abúlé kan lókè ìlú Nebaj, ni ó kan Damaris àti Byron. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ibẹ̀ ni láti bá àwọn ẹbí wá àwọn èèyàn wọn tí wọ́n pa lásìkò ogun abẹ́lé, tí wọ́n dà sínú kòtò láìsí orúkọ, láìsí àgbélébùú.

Damaris ti rò pé òun máa ṣe bẹbẹ. Ó ti rí ara rẹ̀ lọ́kàn níbi tó ti ń tu àwọn ìyá nínú, tí wọ́n ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn, tí ara ń tù wọ́n. Fúláàsìkì kọfí kan àti àpótí ìjókòó ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Àǹtí Aracely, ọ̀gá wọn, ti sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé. "Ìjókòó niṣẹ́ wa níbí. Tí wọ́n bá ń sunkún, ẹ jókòó tì wọ́n. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ jókòó tì wọ́n. Tí kọfí bá tán, ẹ lọ sè é, kí ẹ sì padà wá jókòó."

Òfin kan wá wà lórí èyí. Ohunkóhun tí ojú wọn bá rí nínú kòtò, wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹbí kankan títí ẹbí náà á fi jókòó níwájú Àǹtí Aracely, tí á fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé irú ẹni tó ń wá: aṣọ tó wọ̀, eyín rẹ̀, egbò tó ti dá sí i lára rí. Àǹtí Aracely ní ìrántí ẹni tó ti retí fún ọdún gbọgbọrọ máa ń rọ̀ bí amọ̀ tútù, ibi tí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ló máa gbà. Damaris kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rò pé ó ti yé òun.

Byron kì í dákẹ́ ẹ̀fẹ̀. Nígbà tó rí i tí ẹsẹ̀ Damaris ń gbọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní, "Ìyá Akánjú, tó bá jẹ́ ìjókòó ni wọ́n ń sanwó fún, ebi ni ì bá pa ẹ́ kú." Ó gbé ìkòkò kọfí, ó lọ sídìí iná lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí níbẹ̀ nígbà tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀.

Èèyàn méjì ló máa ń wá jókòó létí kòtò lójoojúmọ́. Ọ̀kan ni Ìyá Engracia Matom. Àbúrò rẹ̀, Tomasa, ló ń wá. Ọmọge ni Tomasa nígbà tó lọ pọn omi láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ogun, tí kò padà mọ́. Ìyá Engracia ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ létíkun, níbi tí wọ́n ti ń gé ìrèké, ìdí nìyẹn tí kò fi tíì bá Àǹtí Aracely sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún un. Ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó máa ń hú u sínú ìborùn rẹ̀, á wá ṣẹ́ ìborùn náà pọ̀ kíákíá kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹnì kejì ni Bàbá Gaspar Laynez. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wá, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Ó máa ń jókòó lódìkejì kòtò, á máa hun akẹtẹ̀. Wọ́n ti pè é títí pé kó wá ṣàlàyé, kó sì mú ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un wá kí wọ́n lè gba itọ́ ẹnu rẹ̀ fún àyẹ̀wò ìbátan. Ó máa ń dáhùn pé òun ṣì ń hun akẹtẹ̀ òun lọ́wọ́.

Gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú kòtò yẹn. Ọkùnrin làwọn yòókù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, wọ́n pe Àǹtí Aracely sídìí ọkọ̀. Damaris dá wà lórí àpótí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ mí kanlẹ̀, ó sún sẹ́yìn, Damaris bá na ọrùn. Aṣọ ni. Ọ̀já ìgbàdí tí wọ́n fọwọ́ hun, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú erùpẹ̀. Pupa rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ ara rẹ̀ ṣì hàn kedere. Ẹyẹ aláwọ̀ ewé ni wọ́n, wọ́n kọjú síra wọn ní méjì méjì, òwú yẹ́lò sì wà létí rẹ̀.

Ìyá Engracia ti lọ húkọ́ lẹ́yìn igi. Ó padà wá, ó rọra jókòó. Ó gbọ́ Sípáníìṣì díẹ̀díẹ̀, oko kọfí ló ti kọ́ ọ.

"Kí ni wọ́n rí?"

Damaris gbé fúláàsìkì. Ó bu kọfí fún un.

"Kọfí kọ́ ni mo bèèrè, ọmọ mi." Ikọ́ tún mú un. Nígbà tó rọlẹ̀, ó fi ìborùn nu ẹnu. "Ṣé o rí mi yìí, mi ò tún ní pẹ́ mọ́. Mi ò fẹ́ dé ọ̀hún kí Tomasa bi mí pé ibo ni mo sin òun sí, kí n máa wolẹ̀."

 Damaris wo ọ̀nà ọkọ̀, Àǹtí Aracely kò tíì padà. Ó wo ojú ìyá àgbà náà. Ọjọ́bọ̀ jìnnà lójú Damaris bí ọdún tó ń bọ̀. Kí ló burú níbẹ̀ tí ìyá yìí bá fi ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú rí ìsinmi?

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, ṣé Tomasa ní ọ̀já?"

"Ta ni ò ní ọ̀já níbí?"

"Ọ̀já pupa, tí ẹyẹ aláwọ̀ ewé kọjú síra wọn lára rẹ̀? Tí etí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò?"

Ìyá Engracia fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.  Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ ṣí bí ilẹ̀kùn.

"Òun ni," ó ní. "Òun ni. Ẹyẹ wà lára rẹ̀. Tomasa mi ni." Ó dorí sí èjìká Damaris, ó sunkún, omijé náà gbóná lọ́rùn ọmọbìnrin náà. Damaris bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó di ìyá náà mú. Ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ òun kò gbọ̀n mọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti ṣe nǹkan kan lónìí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Vichoch ti gbọ́ pé wọ́n ti rí Tomasa Matom. Àwọn obìnrin ń gbé àbẹ́là wá. Ẹnì kan ti lọ bá káfíńtà. Wọ́n ti fi fóònù pe ọmọ Ìyá Engracia létíkun, ó ní òun máa gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, òun ń bọ̀. Bàbá Gaspar ká ewé ọ̀pẹ tó fi ń hun akẹtẹ̀, ó dì í mọ́ abẹ́ apá. Byron bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní obìnrin kan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti rí ẹni tó ni ín, kí lòun tún wá ń jókòó fún?

Àǹtí Aracely pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì nígbà tí wọ́n ń jẹun. Kò jágbe. Ó kàn bèèrè ẹni tó bá Ìyá Engracia sọ̀rọ̀. Byron mi orí. Damaris ń fi síbí ro ẹ̀wà inú àwo rẹ̀. Ó rò nípa ìyá rẹ̀ nílé, tó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun máa gboyè lọ́dún yìí.

"Bóyá òun fúnra rẹ̀ ló yọjú wò ó," ni ó wí.

Àǹtí Aracely wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, ara Damaris kò gba ilé, kò gba ìta. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, kò mọ ibi tó ń lọ. Ó ń fọ ife tó ti mọ́. Ibi tí Bàbá Gaspar máa ń jókòó ṣófo, koríko ibẹ̀ ṣì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní àmì ìdí rẹ̀, Damaris kò sì lè wò ó.

Ọjọ́bọ̀ dé. Yàrá kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n lò. Ìyá Engracia wọ aṣọ tó dára jù tó ní. Damaris jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fúláàsìkì. Àǹtí Aracely bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, jẹ́jẹ́, bí ìṣe rẹ̀. Kí ni Tomasa wọ̀ lọ́jọ́ náà?

"Ọ̀já pupa. Ẹyẹ aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn. Etí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò."

Ta ló hun ún? Ìyá Engracia wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ibo ni wọ́n ti ra òwú rẹ̀? Ó wo fèrèsé. Ṣé tuntun ni, àbí ó ti gbó?

"Ọ̀já pupa ni," ó tún wí. "Ẹyẹ wà lára rẹ̀. Wọ́n kọjú síra wọn."

 Ọ̀rọ̀ Damaris gan-an ni. Bó ṣe tò ó ni ìyá náà ṣe ń tò ó, kò yọ nǹkan kan, kò fi nǹkan kan kún un. Ohùn Ìyá Engracia ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Tomasa kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Damaris dìde, ìdérí fúláàsìkì já bọ́. Ó bẹ Àǹtí Aracely pé kó jọ̀ọ́ kó tẹ̀lé òun síta. Níta, lábẹ́ òrùlé, ó sọ gbogbo rẹ̀, ti ọ̀já àti irọ́ tó pa nídìí oúnjẹ. Kò sunkún. Ó rò pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹkún.

Àǹtí Aracely fara ti ògiri. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ilẹ̀ ibí yìí máa ń jẹ eegun," ó ní. "Àyẹ̀wò lè má rí nǹkan kan sọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀já yẹn nìkan ni ẹnu tó kù fún obìnrin inú kòtò yẹn láti fi sọ orúkọ ara rẹ̀. O ti fi orúkọ sí i lẹ́nu, Damaris. A ò sì mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni."

"Kí ni mo lè ṣe?"

"Ìwọ ò lè lọ bá Bàbá Gaspar, o ti rí ọ̀já. Èmi náà ti rí i. Byron nìkan ni kò rí i, wọ́n ti fi aṣọ bò ó kó tó dé." Ó kúrò lára ògiri. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa bá Ìyá Engracia sọ̀rọ̀. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́."

Byron lọ láìṣẹ̀fẹ̀ kankan. Nígbà tó padà ní ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì sọ bó ṣe lọ fún wọn. Ó ní òun kò bèèrè nǹkan kan nígbà tóun dé ọ̀hún. Òun jókòó, òun ń bá bàbá náà ya ewé ọ̀pẹ, òun ń yà á láìdára, títí bàbá náà fi gbà á lọ́wọ́ òun pé òun ń ba nǹkan jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Feliciana lorúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó láṣọ híhun kan tó fi ń gbàdí, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún nígbà tó fẹ́ wọlé ọkọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá náà gé ìdí ọ̀já náà láti fi so ẹsẹ̀ ọmọ màlúù kan. Feliciana kò bá a sọ̀rọ̀ títí bàbá náà fi tún un rán. Òwú àpò àgbàdo ló fi rán an, kò sì mọ ìránṣọ, ojú rírán náà wọ́ bí ọ̀nà ewúrẹ́.

"Ó ní obìnrin náà kọ̀, kò tú u," Byron wí. "Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́ káàkiri, ó ní kí gbogbo ayé rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ òun. Bàbá yẹn ń rẹ́rìn-ín, Àǹtí. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ dé ìdí ọ̀já náà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Òwú àpò ló wà níbẹ̀. Ó wọ́ gan-an.

Damaris kò dúró de ìyẹn. Bí Byron ṣe ń lọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ló ti padà sínú yàrá ilé-ẹ̀kọ́, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Engracia kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ mi lẹ sọ ṣáájú. Èmi ni mo fi sí yín lẹ́nu. A ò mọ̀ bóyá Tomasa ni. Mo ṣẹ̀ yín."

Ìyá àgbà náà kò yára gbà. Ó ní ẹyẹ wà lára rẹ̀. Ó ní wọ́n kọjú síra wọn. Ó wá wo Damaris, ó rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Nígbà tí wọ́n mú àbúrò mi lọ, mo sunkún rẹ̀," ó wí. "Ìwọ wá jẹ́ kí n sun ún lẹ́ẹ̀kejì." Ó ti ife kọfí tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọmọ mi ti wà nínú ọkọ̀. Kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

Ọmọ náà dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, eruku ọ̀nà bò ó, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ìkórè. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n ń lọ. Damaris ì bá fẹ́ kó bú òun.

Bàbá Gaspar mú ọmọ rẹ̀ wá kí wọ́n gba itọ́ rẹ̀, àyẹ̀wò sì bá ọ̀rọ̀ bàbá náà mu nígbà tó jáde. Wọ́n sin Feliciana sórí òkè. Ìyá Engracia kó gbogbo àbẹ́là tí wọ́n ti kó jọ fún Tomasa, ó tàn wọ́n fún Feliciana.

Yunifásítì kò ka ìkọ́ṣẹ́ Damaris. Byron gboyè. Ìyá Damaris kò mọ ohun tó máa sọ fún àwọn ará ìjọ. Damaris bẹ Àǹtí Aracely pé kó gba òun padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àǹtí Aracely ronú sí i títí, ó gbà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, wọ́n gbẹ́ kòtò mìíràn lẹ́bàá odò. Ìyá Engracia ti gbẹ sí i, ṣùgbọ́n ó wá. Damaris gbé àpótí rẹ̀ sítòsí rẹ̀. Ó yí i padà, ó kọ ẹ̀yìn sí kòtò. Bí wọ́n ṣe ń jókòó nìyẹn lójoojúmọ́. Ìyá náà kì í bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í gba kọfí lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nínú kòtò pe Àǹtí Aracely. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ẹsẹ̀ Damaris bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé orúnkún.

"Wọ́n ń pe ọ̀gá yín," Ìyá Engracia wí. "Kí ni wọ́n rí?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Mi ò wò ó." Gbogbo ọrùn rẹ̀ ló fẹ́ yí padà. Kò yí i. "Ẹ sọ ti Tomasa fún mi. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Ìyá àgbà náà pòṣé. Ó kọjú sí odò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣe ló dà bíi pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ní òtútù mú láàárọ̀ yẹn, ìrì funfun wà lórí koríko. Tomasa wá ìborùn rẹ̀ títí, kò rí i, ló bá gbé kóòtù ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wọ̀. Ọwọ́ kóòtù náà gùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní ọwọ́ tó máa fi gbé ìkòkò, ó sì ń ju ọwọ́ kóòtù náà fìrìfìrì bí ìyẹ́ adìẹ, ó ń rẹ́rìn-ín lọ sódò.

Lójijì, ó yíjú sí Damaris.

"Kò tilẹ̀ gba ọ̀já mọ́dìí," ó wí. "Mi ò rántí èyí láti ọjọ́ yìí."

Damaris dìde. Ó ní kí ìyá náà dúró, kí òun pe Àǹtí Aracely, kí ìyá náà lè sọ ọ́ létí rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́.

"Bu kọfí yẹn fún mi ná," Ìyá Engracia ní, "kí o tó máa sáré."

Kì í ṣe ìkà ló mú Damaris ṣẹ̀, àánú ni. Ṣùgbọ́n ìnira tí ara rẹ̀ kò gbà ló fi àánú náà wò sàn, kì í ṣe ti Ìyá Engracia. Ẹni tó bá fẹ́ ran ẹlòmíì lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kódà bí ìdúró náà bá ń jó o lára. Tí ó bá sì ti ṣèṣì, kó tètè jẹ́wọ́. Ká ní Damaris sọ òótọ́ nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Ajé ni, ọmọ Ìyá Engracia kì bá tí fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá sin ẹni tí kò sí níbẹ̀.